Bẹ́líìtì tàbí Ṣéènì: Èwo Ló Wà Nínú Tòkunbọ̀ Tí Ẹ Fẹ́ Rà?

Bí a bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, a ó wo bọ́dì, a ó wo táyà, a ó tan AC. Ọ̀pọ̀ wa kì í bèèrè timing, bẹ́ẹ̀ òun ló lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òun ló so kíránkì tó wà nísàlẹ̀ mọ́ kámúṣáàfù tó wà lókè, kí fáàfù lè máa ṣí kó sì máa padé lásìkò tó bá písítìnì mu. Àwọn ọkọ̀ kan ń lo bẹ́líìtì onírọ́bà fún un, àwọn mìíràn ń lo ṣéènì onírin. Ẹ mọ èyí tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó dúnàá-dúrà.

Orúkọ ọkọ̀ nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Camry Big Daddy oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ṣéènì ló ń lò. V6 rẹ̀, ìyẹn oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, bẹ́líìtì ni. Bákan náà ni Honda Accord 2003 sí 2007 tí a ń pè ní End of Discussion. Lexus RX330, bẹ́líìtì. RX350 tó jáde láti 2007, ṣéènì. Sienna 2004 sí 2006, bẹ́líìtì. Ti 2007, ṣéènì. Àwọn Honda Pilot tó wọ́pọ̀ lójú títì wa, bẹ́líìtì ni gbogbo wọn.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni pé ṣéènì sábà máa ń pariwo kó tó bàjẹ́ tán, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì lè já láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Toyota ní kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì V6 yìí ní 90,000 máìlì, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 145,000. Ti Accord V6 jẹ́ 105,000 máìlì tàbí ọdún 7, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọdún yẹn ni kí ẹ dì mú, nítorí wọ́n lè yí máìlì padà sẹ́yìn, rọ́bà sì ń gbó bí ọkọ̀ tilẹ̀ wà lójú kan. Ẹ bèèrè rìsíìtì, ẹ wò ó bóyá wọ́n lẹ bébà tí wọ́n kọ máìlì sí mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, ẹ sì wo Carfax, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìtàn ọkọ̀, bó bá jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Mẹkáníìkì yín lè tú kọ́fà òkè kó tan tọ́ọ̀ṣì sí i: bó bá ti sán, tí etí rẹ̀ ti ń já, tàbí tí ọ́ìlì ti kàn án, ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó dán mọ́rán-ín, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ẹ̀rí kò bá sí, ẹ ka ọkọ̀ náà sí èyí tí ẹ máa pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ lọ́la, kí ẹ sì yọ owó náà kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Lórí V6 Honda, bó bá já, písítìnì á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, wọn á sì ní láti sọ orí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.

Ti ṣéènì, àárọ̀ ni kí ẹ lọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tan ọkọ̀. Bó bá ti gbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ dúró síbi tí ṣéènì wà, kí wọ́n tan án. Bó bá ń dún ràkàràkà tí kò sì dákẹ́, ṣéènì ti nà tàbí tẹ́ńṣọ́nà, ohun tó ń fà á kó má dẹ̀, kò fà á mọ́. Ti Accord 2008 sí 2012 oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, bó bá ké fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì tó sì dákẹ́, VTC tó wà lórí kámúṣáàfù, ohun tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà, ló sábà ń fà á, kì í ṣe ṣéènì fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí ẹrẹ̀ dúdú bá ti dì síbẹ̀, ẹni tó lò ó kò pààrọ̀ ọ́ìlì déédéé, ohun tó sì ń pa ṣéènì nìyẹn.

Ẹ fi scanner, ẹ̀rọ tó ń ka code àṣìṣe inú ọkọ̀, sí i. Code P0016 tàbí P0017 túmọ̀ sí pé kíránkì àti kámúṣáàfù kò bára mu mọ́. Ọ́ìlì ìdọ̀tí tàbí sẹ́ńsọ̀ lè fà á pẹ̀lú, torí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì kíákíá. Bí kò bá sí code kankan ṣùgbọ́n tí scanner ń sọ “not ready” lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa code rẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ṣéènì kì í bàjẹ́. Ẹ bi àwọn tó ń tún Mercedes 1.8 Kompressor ṣe. Iṣẹ́ ṣéènì tún sábà máa ń wọ́n ju ti bẹ́líìtì lọ, nítorí iwájú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa tú. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó ní ṣéènì tó dákẹ́ ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ V6 tó ní rìsíìtì bẹ́líìtì àti ọkọ̀ mìíràn tí ṣéènì rẹ̀ ń pariwo ló wà níwájú mi, V6 ni màá mú.

Bí ẹ bá ra oníbẹ́líìtì, ẹ pààrọ̀ tẹ́ńṣọ́nà àti wọ́tà pọ́ǹpù pọ̀ mọ́ ọn, nítorí bẹ́líìtì yẹn kan náà ló ń yí pọ́ǹpù nínú V6 Toyota àti Honda wọ̀nyí. Tuntun ni kí ẹ rà. Bí wọ́n bá fi àlòkù lọ̀ yín ní Ládípọ̀, ọjà páàtì ọkọ̀ l'Ékòó, ẹ má gbà á.