Ọdún Kan Pẹ̀lú Ìwé Adójútòfò Ọkọ̀ Tó Wà Lórúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Corolla tí mo ń wà ní Surulere kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rà á, orúkọ wọn ló sì wà lórí gbogbo ìwé rẹ̀ títí wọ́n fi kó lọ sí Kánádà, tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa fi gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo ti lo ọdún kan pẹ̀lú ilé iṣẹ́ adójútòfò tí mo fi ọkọ̀ náà sí lọ́dọ̀, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Aṣojú kan níwájú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ ta third party fún mi, ó sì fẹ́ kọ orúkọ tèmi sí i, ó ní kò séwu níbẹ̀. N kò gbà. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni third party ọkọ̀ àdáni ti kúrò ní ₦5,000, tó di ₦15,000, ó sì ń san fún ohun ìní ẹlòmíràn tí a bá bà jẹ́, títí dé mílíọ̀nù 3 náírà. Kò kan ọkọ̀ tiwa rárá. Comprehensive, èyí tó kan ọkọ̀ tiwa náà, ni mo fẹ́, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso adójútòfò, sì ti sọ pé owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀. Wọ́n díye lé Corolla náà ní mílíọ̀nù 4, mo sì san ₦200,000.

Òṣìṣẹ́bìnrin tó dá mi lóhùn ní ọ́fíìsì wọn ní Yábàá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó ní, "Mà, ẹni tí òfò ọkọ̀ yìí máa dùn lápò ni òfin mọ̀." Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ìwé, ó wá kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ tí wọ́n fún láṣẹ. Ó gba ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìní ọkọ̀, ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́tà àṣẹ tí wọ́n fọwọ́ sí, àti láísẹ́ẹ̀sì ìwakọ̀ mi. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó ya ojú ibi tó ti ha lára ilẹ̀kùn òsì ní fọ́tò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ariyànjiyàn má baà wà lẹ́yìn ọ̀la. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fi nọ́ńbà ọkọ̀ wá a lórí askNIID, ibi tí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá ìwé adójútòfò ọkọ̀ jẹ́ ojúlówó, ó sì jáde.

Oṣù kẹjọ rẹ̀ ni dánfó kan kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ní Ojúẹlẹ́gbà, bọ́ńpà já, iná ẹ̀yìn kan sì fọ́ yángá. Láàárín ọjọ́ méjì tí mo mú ìwé ọlọ́pàá àti iye tí mẹkáníìkì dá lọ, wọ́n ti wá yẹ ọkọ̀ wò. Ibi tó ti dùn mí ni ìgbà tí owó fẹ́ jáde. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lórí discharge voucher, ìwé tí a ń fọwọ́ sí kí owó tó jáde, orúkọ wọn náà ni owó yóò bá lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni báńkì wọn ní Èkó ti pa àkáǹtì wọn tì nítorí pé wọn kò lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí ìwé náà ní Kánádà, wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ náà kọ̀ ọ́, wọ́n ní ojúlówó ìwé gan-an làwọn fẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wọ ọkọ̀ èrò pẹ̀lú àwọn ọmọ kí ilé iṣẹ́ náà tó gbà láti san owó náà tààrà fún mẹkáníìkì. Ọjọ́ tí mo sanwó ló yẹ kí ẹnìkan ti ṣàlàyé èyí fún mi, n kò sì rí àwáwí kankan fún wọn lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tí kò tíì yí orúkọ rẹ̀ padà kò gbọ́dọ̀ fọkàn tán ìwé adójútòfò ẹni tó tà á fún un, nítorí ìwé náà kì í bá ọkọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ yí orúkọ padà, kó tó gba tirẹ̀.

Mo ti tún tiwa ṣe lọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí wọ́n san ohun tó yẹ kí wọ́n san. Ṣùgbọ́n kí n tó sanwó, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé mẹkáníìkì ni owó àtúnṣe yóò máa lọ bá. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i.