Ṣíà ni àbí mutual fund? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ kówó pamọ́ fún ọjọ́ pípẹ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ kówó síbi tó máa pẹ́, ilẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ fún yín, mi ò sì bá wọn jiyàn torí gbogbo wa la rí ohun tí ilẹ̀ dà látìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ refinery ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí. Àmọ́ ilẹ̀ ń fẹ́ owó gọbọi lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fẹ́ ìwé, ó ń fẹ́ wàhálà ọmọ onílẹ̀ nígbà míì, tí owó ilé-ìwé ọmọ bá sì dé lójijì ẹ ò lè gé igun kan nínú plọ́ọ̀tì yẹn tà. Ẹni tó ní ₦10,000 tàbí ₦20,000 lóṣooṣù tó sì fẹ́ kó máa pọ̀ sí i fún ọdún 10, ọdún 15, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé kó ra ṣíà fúnra ẹ̀ ni, àbí kó kó o fún àwọn tó ń ṣe mutual fund? Mo máa sọ èyí tí èmi fara mọ́ láìfepo bọ̀yọ̀.

Kí lẹ ń rà gan-an?

Tẹ́ ẹ bá ra ṣíà, ẹ ti ní ìpín nínú kọ́ḿpìnnì kan nìyẹn. Ọ̀dọ̀ bùrókà, ìyẹn ẹni tó ń bá èèyàn ra ṣíà tó sì ń bá a tà á, lẹ máa gbà rà á ní NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà, bùrókà yẹn á ṣí akáǹtì fún yín ní CSCS, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ṣíà, ibẹ̀ ni ṣíà yín máa wà lórúkọ yín, torí ẹ̀ tí bùrókà bá kógbá sílé, ṣíà yín ò bá a lọ. Ọ̀nà méjì lowó ń gbà wọlé: kí iye ṣíà náà lọ sókè, àti dividend, ìyẹn owó tí kọ́ḿpìnnì bá pín fáwọn tó ní ṣíà ẹ̀, wọ́n á sì ti yọ owó orí 10% kó tó kàn yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí fáwọn ará ilé: ẹni tó ra ṣíà Dangote Cement ò ní ìpín nínú refinery o, kọ́ḿpìnnì ọ̀tọ̀ ni.

Ti mutual fund, ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe máa ń dáwó jọ ra màálù Iléyá. Kò sẹ́ni tó lè dá odindi rà nínú wọn, gbogbo wọn á sanwó, wọ́n á pín in bí owó kálukú ṣe tó, alápatà náà á sì gba tiẹ̀. Alápatà yẹn ni fund manager. Òun ló ń bá yín ra ṣíà, bọ́ǹdù (owó tí wọ́n yá ìjọba tàbí kọ́ḿpìnnì fún ọdún mélòó kan), treasury bills (owó tí wọ́n yá ìjọba fún ìgbà kúkúrú), ó sì ń gba owó iṣẹ́ ẹ̀ lọ́dọọdún bóyá èrè wà o, bóyá kò sí. Ká ní 2% ni, lórí mílíọ̀nù kan ₦20,000 nìyẹn lọ́dún, ẹ wá sọ ọ́ di ọdún 10 kẹ́ ẹ rí i pé kì í ṣe owó kékeré. Owó náà gan-an kò sí lápò manager, custodian ló ń tọ́jú ẹ̀, trustee ń ṣọ́ wọn, SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà ṣíà àti fund, sì gbọ́dọ̀ ti forúkọ fund yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Oríṣiríṣi fund ló wà. Money market ń kówó sí treasury bills àti fixed deposit, kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Equity fund, ṣíà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, tí ọjà bá já òun náà á já. Balanced fund pò ó pọ̀. ETF wà náà, ẹ máa rà á ní NGX bí ẹni ra ṣíà, irú bíi Vetiva Griffin 30 tó ń tẹ̀ lé ṣíà 30 tó tóbi jù lọ́jà, owó iṣẹ́ ẹ̀ sì máa ń kéré sí ti equity fund. Mo fẹ́ràn ETF, ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń rà tó ń tà á níbí ò pọ̀, nígbà míì iye tí wọ́n ń tà á á fò kọjá iye ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò á ra ọjà ọ̀wọ́n.

Ibi tí ewu wà

Àwọn tó ra ṣíà báǹkì ní 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008 mọ ohun tí mò ń sọ, nígbà tí àwọn èèyàn ń yáwó ra ṣíà. Ní March 2008 All-Share Index, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wo gbogbo ọjà náà lápapọ̀, kọjá 66,000, nígbà tó máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2009 ó ti já wá sí nǹkan bíi 20,000, ó sì di 2023 kó tó padà débi tó wà. Ọdún 15! Lóòótọ́ ó kọjá 100,000 ní January 2024, lóòótọ́ náà ni pé dividend ò sí nínú òǹkà yẹn, ẹni tó ń gba dividend ẹ̀ tó tún fi ń ra ṣíà sí i ò jìyà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi ₦118 ní 2008 ti kọjá ₦1,500 kí 2024 tó parí, ìyẹn ni pé 100,000 yẹn ò tó 66,000 ti 2008 tẹ́ ẹ bá fi dọ́là ṣírò ẹ̀.

Ọjà lápapọ̀ nìyẹn o. Ti ṣíà kan ṣoṣo tún lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní August 2011 ìjọba gba Afribank àti Bank PHB, wọ́n sọ wọ́n di Mainstreet àti Keystone, owó àwọn tó kó sí báǹkì náà ò sọ nù àmọ́ àwọn tó ní ṣíà níbẹ̀ ò rí kọ́bọ̀ gbà. Kó má sì jẹ́ pé kọ́ḿpìnnì tó fẹ́ kú nìkan lẹ máa bẹ̀rù: MTN Nigeria tó wọ ọjà ní ₦90 ní May 2019, gbogbo wa là ń ra káàdì wọn, síbẹ̀ nígbà tí náírà já ní 2023, gbèsè àti owó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó so mọ́ dọ́là mú kí wọ́n pàdánù ní 2023 àti 2024, dividend sì dáwọ́ dúró fún ìgbà kan. Nestlé Nigeria náà pàdánù ní 2023 yẹn. Pé èèyàn ń lo ọjà kọ́ḿpìnnì lójoojúmọ́ kò sọ pé ṣíà ẹ̀ máa dáa. Níbí ni fund ti ṣẹ́gun ṣíà lójú tèmi, torí tí kọ́ḿpìnnì kan bá ṣubú nínú 20 tàbí 30, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára, kò ní gbé yín lulẹ̀.

Àmọ́ kẹ́nì kan má lọ sá sínú money market lọ jókòó fún ọdún 15 kó ní òun ti bọ́ o. Ní December 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba, kéde jẹ́ 34.80%, àwọn money market fund nígbà yẹn sì ń san ogún pásẹ́ǹtì àti díẹ̀, owó ń pọ̀ lójú ìwé, agbára ẹ̀ lọ́jà ń dín kù.

Ta ló máa jókòó tì í?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ṣáájú ìbéèrè èwo ló máa gòkè. Ṣíà ń fẹ́ kẹ́ ẹ máa ka ìwé ìṣirò kọ́ḿpìnnì: ṣé èrè ń wọlé lọ́dọọdún, gbèsè ńkọ́, ṣé dọ́là ni gbèsè ọ̀hún, ṣé inú èrè ni dividend ti ń wá àbí wọ́n ń fa owó àtijọ́ yọ. Tí ẹ bá máa ń ráyè fún un, tó sì máa ń dùn mọ́ yín, ṣíà dáa gan-an, ẹ ò ní san owó iṣẹ́ lọ́dọọdún fún ẹnì kankan, ìgbà tẹ́ ẹ bá rà tàbí tẹ́ ẹ bá tà nìkan ni bùrókà àtàwọn tó kù máa yọ tiwọn. Tẹ́ ẹ ò bá ráyè, ẹ san owó alápatà.

Olùkọ́ tó ń gbowó oṣù ní Nọ́fọ́rìjà, èmi á ní kó kó bíi 7 nínú 10 sí balanced tàbí equity fund, kó jẹ́ kí báǹkì máa yọ ọ́ lóṣooṣù fúnra ẹ̀, kó wá fi 3 tó kù ra ṣíà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí iṣẹ́ wọn ò jọra, báǹkì kan, símẹ́ǹtì, epo pupa bíi Presco tàbí Okomu, kó má jẹ́ báǹkì márùn-ún. Ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, owó ọjà ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wọ ṣíà rárá. Owó pàjáwìrì ẹ̀, money market. Èyí tó bá dá a lójú pé òun ò ní fọwọ́ kàn fún ọdún 5 ó kéré tán, òun ló lè lọ sí equity fund. Ẹni tó bá fẹ́ ti ìjọba, FGN Savings Bond ń bẹ̀rẹ̀ láti ₦5,000, ọdún 2 tàbí 3, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá fẹ́ èlé rárá, tẹ́ ẹ sì pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, Lotus Halal Fund wà, Sukuk ìjọba àpapọ̀, tó dà bíi bọ́ǹdù àmọ́ tí kì í san èlé, sì ti wà láti 2017.

Àwọn áàpù tó ń ta ṣíà Amẹ́ríkà ńkọ́? Mo fara mọ́ ọn fún díẹ̀ nínú owó yín, torí náírà. Àmọ́ ẹ ra èyí tó kó gbogbo ọjà pọ̀, bíi VOO ti Vanguard tó ń tẹ̀ lé kọ́ḿpìnnì 500, owó iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ 0.03%, sẹ́ǹtì 30 lórí $1,000 lọ́dún. Amẹ́ríkà máa yọ 30% nínú dividend yín, áàpù náà á sì jẹ nínú ṣíṣẹ́ owó nígbà tẹ́ ẹ bá ń kó o wọlé àti nígbà tẹ́ ẹ bá ń kó o jáde.

Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ̀yin arábìnrin, ẹni tó bá ní òun máa sọ owó yín di ìlọ́po méjì lóṣù kan kò ta ṣíà, kò ta fund. MMM 2016, CBEX 2025, a rí wọn. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ wá orúkọ wọn lórí wẹ́ẹ̀bù SEC. Tẹ́ ẹ bá sì ti ra ṣíà, ẹ kọ fọ́ọ̀mù e-dividend, tó máa jẹ́ kí dividend wọ akáǹtì yín tààrà, ní báǹkì yín lọ́sẹ̀ yẹn náà, ẹ kọ orúkọ next of kin síbi tó yẹ, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tẹ́ ẹ kọ pé ẹ kọ ọ́, torí dividend tí kò rí akáǹtì wọ̀ lọ́dọ̀ àwọn registrar, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ní ṣíà fún kọ́ḿpìnnì, pọ̀ gan-an, owó àwọn òbí tí ọmọ wọn ò mọ̀ pé wọ́n ní ṣíà sì wà lára ẹ̀.