DSLR tòkunbọ̀ àbí kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ kì í yọ: èwo lẹ máa gbé rìnrìn àjò lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì?

Tí gírátúítì bá ti wọlé, táwọn ọmọ sì ti kúrò nílé, ohun tó máa ń wu ọ̀pọ̀ nínú wa ni ká gbé mọ́tò ká máa lọ. Láti Ìbàdàn níbí, ẹ lè gba Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí, ẹ lè kọrí sí Ìdànrè, sí Ìkògòsì, sí omi tó ń já ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, àwọn tí ara wọn ṣì le tiẹ̀ máa ń bá a dé Yankari ní Bauchi níbi tí erin wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé kámẹ́rà dání lọ sírú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ fẹ́ ya òkè àti ẹranko, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀nà méjì lowó yín sábà máa ń gbà: kẹ́ ẹ ra DSLR tòkunbọ̀, kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń yọ, irú Nikon D7200 tàbí Canon 80D, kẹ́ ẹ wá wá lẹ́ńsì gígùn kún un, tàbí kẹ́ ẹ ra èyí tí wọ́n ń pè ní bridge camera, tí lẹ́ńsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn tí kì í yọ, irú Nikon P950 tí mò ń lò báyìí. Mo ti lo méjèèjì. Mi ò ní máa ka megapixel fún yín, gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ló máa kà á sí yín létí.

Fóònù nìkan ńkọ́? Ó dáa fún àpáta Ìdànrè, ó dáa fún òrùlé Ìbàdàn láti Òkè Mápó nírọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ń kan àwọn páànù tó ti dípẹtà. Fún ẹranko, rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí súùmù bẹ̀rẹ̀ torí òun lẹ máa kọ́kọ́ rí. P950 máa ń fa nǹkan súnmọ́ dé 2000mm (bí nọ́ńbà mm yìí bá ṣe ga tó ni nǹkan á ṣe súnmọ́ tó). DSLR tí mo dárúkọ yẹn pẹ̀lú lẹ́ńsì 70-300, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ bó ṣe yẹ (ìlọ́po 1.5 fún Nikon, 1.6 fún Canon), 450 sí 480 ló máa bá yín dé. Kẹ́ ẹ tó rí 900, àfi lẹ́ńsì 150-600, òun nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì láìtíì ka kámẹ́rà mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ P950 lódindi ò ju bíi kílò kan lọ. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tó wá fẹ́ gun àkàsọ̀ Ìdànrè tàbí tó fẹ́ lọ wo adágún orí àpáta ní Adó-Àwáyè, kó rò ó dáadáa. (P1000 wà tó dé 3000mm, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan àbọ̀, mi ò rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìyókù yẹn ṣe.)

Ẹ má sì jẹ́ kí 2000 yẹn tàn yín jẹ o. Tó bá ti ń lọ sí aago mọ́kànlá àárọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ooru á ti máa gbọ̀n lórí ilẹ̀, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fà súnmọ́ láti ọ̀nà jíjìn á máa rí bàìbàì, kò sì sí kámẹ́rà tó lè tún ìyẹn ṣe, iye yòówù kẹ́ ẹ rà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni kẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀, àwọn ẹranko náà ṣì ń jẹ̀ nígbà yẹn.

Ibi tí DSLR ti borí, tí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti tó. Sẹ́ńsọ̀ inú P950, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ń di fọ́tò, kéré, ti DSLR fi ju ìlọ́po mẹ́wàá tóbi jù ú lọ. Ẹ wọ inú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí, lọ wá Ibadan malimbe, ẹyẹ tí wọ́n fi orúkọ ìlú wa pè, ìdílé ẹ̀gà ni, ó dúdú, akọ rẹ̀ pupa lórí àti láyà, kò sì sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà yìí. Òkè lórí igi ńlá ló máa ń wà, abẹ́ ewé, òjìji pọ̀. P950 á bá yín fà á súnmọ́ lóòótọ́, àmọ́ fọ́tò náà á kún fún hóró-hóró, ìyẹ́ rẹ̀ ò ní yọ bó ṣe yẹ. DSLR pẹ̀lú lẹ́ńsì tó dáa á yà á mọ́ tónítóní. Bákan náà ni tẹ́ ẹ bá ya omi Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà tí òkè mọ́lẹ̀ tí inú igbó ṣókùnkùn, DSLR ló ń gbé méjèèjì.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an: fungus inú lẹ́ńsì, irú ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sára páálí, òun ló sì jẹ owó mi.

Lẹ́ńsì 150-600 tòkunbọ̀ ni mo rà. Ọkùnrin tó tà á fi í sórí kámẹ́rà níṣojú mi, ó ya títì, ó ya bílíbọ́ọ̀dù, gbogbo ẹ̀ hàn kedere, ó ní ọwọ́ dókítà kan ní London ló ti kúrò, pé kò tiẹ̀ lò ó rárá. Mo sanwó, owó gírátúítì ni. Nígbà tí òjò ọdún yẹn fi máa dá, gbogbo fọ́tò tí mo bá kọjú sí ìmọ́lẹ̀ yà ló ń ní kùrukùru funfun. Mo nu gíláàsì iwájú, mo nu ti ẹ̀yìn, pàbó. Ìgbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe, ó pa iná yàrá, ó ṣí ihò inú lẹ́ńsì náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn, ó ní "Ẹ yọjú wò ó, Dádì." Nǹkan funfun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ti ta bí òwú aláǹtakùn láti etí gíláàsì kan lágbedeméjì lọ sí àárín, ó ti yọ ẹ̀ka lóríṣiríṣi. Ó ní ìyẹn kì í ṣe nǹkan oṣù kan tàbí méjì, ó ti wà níbẹ̀ kó tó dọ́wọ́ mi. Ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó gbowó tó nípọn, ṣùgbọ́n ó ti jẹ ìpara tí wọ́n fi bo gíláàsì yẹn, ojú àpá náà ò lọ. Ẹni tó tà á ò gbé fóònù mi mọ́. Títí dòní inú mi ṣì máa ń ru tí mo bá rántí, torí ó mọ ohun tó ń tà.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Hóró fungus wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, ó ń wọnú lẹ́ńsì mọ́ eruku. Tó bá rí ọ̀rinrin, tó rí òkùnkùn, tó sì rí ìdọ̀tí tàbí òróró ọwọ́ díẹ̀ jẹ, ó máa hù. Ẹ wá ro Ìbàdàn láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, tí aṣọ tẹ́ ẹ sá ò gbẹ, tí bàtà aláwọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ń bu. Lẹ́ńsì tẹ́ ẹ gbé sínú àpò aláwọ, tẹ́ ẹ tì mọ́ inú wọ́dúróòbù kó má baà bà jẹ́, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bà jẹ́. Àwa tá a ti fẹ̀yìntì ló sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, torí a máa ń tọ́jú nǹkan, a máa dúró de ìrìn àjò ńlá ká tó gbé e jáde.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra lẹ́ńsì tòkunbọ̀, kó mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ yọ lẹ́ńsì kúrò lára kámẹ́rà, ẹ ṣí ìdérí méjèèjì. Ti Canon EF (lẹ́ńsì DSLR Canon), ihò inú ẹ̀ ti máa ń là fúnra ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti Nikon DSLR ní irin pẹlẹbẹ kékeré kan lẹ́yìn, ẹ fi ìka tì í jẹ́jẹ́ kí ihò náà lè là. Ẹ wá ibi tó ṣókùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti apá kan, kẹ́ ẹ máa wò ó láti apá kejì, kẹ́ ẹ máa yí tọ́ọ̀ṣì náà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má tàn án sójú ara yín gangan. Ẹ fa súùmù ẹ̀ jáde, ẹ tún un wò. Eruku díẹ̀ ò burú, kò sí lẹ́ńsì tòkunbọ̀ tí ò ní eruku. Tẹ́ ẹ bá ti rí ohun tó ní ẹ̀ka, tàbí tó rí kùrukùru látòkè délẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ náà, lẹ́ńsì tó ti gbénú ọ̀rinrin pẹ́ máa ń rùn. Fọ́tò títì lọ́sàn-án gangan ò lè fi hàn yín, mo ti rí ìyẹn.

Títọ́jú ẹ̀ ò le: ike ńlá tó ń dé pinpin, tí ọ̀rinrin ò lè gbà wọlé, sílíkà jẹ́ẹ̀lì (hóró tó ń fa ọ̀rinrin) nínú ẹ̀, èyí tó ń yí àwọ̀ tó bá ti mumi yó kẹ́ ẹ lè mọ̀gbà tẹ́ ẹ máa mú un gbẹ. Tẹ́ ẹ bá rí mítà kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, kó máa wà láàárín 40 sí 50%. Ẹ máa gbé e jáde lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà nínú mọ́tò tí ẹ́ásì tutù, ẹ má kàn já sínú ooru gbé kámẹ́rà jáde, omi á bò ó lójú àti nínú, ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò títí táá fi móoru díẹ̀.

Ǹjẹ́ bridge camera bọ́ nínú wàhálà yìí? Kò bọ́ tán o. Fungus lè hù nínú tiẹ̀ náà, lẹ́ńsì ẹ̀ tó ń gùn tó ń kúrú máa ń fa afẹ́fẹ́ àti eruku, tí nǹkan bá sì wọ inú ẹ̀, odindi kámẹ́rà ni wọ́n máa tú. Ṣùgbọ́n tuntun lẹ máa sábà rà á, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó gbé láti ọjọ́ kìíní, lẹ́ńsì kan ṣoṣo lẹ ń tọ́jú, ẹ ò sì ní máa yọ lẹ́ńsì nínú ọyẹ́ ní etí ọ̀nà Ṣakí kí eruku pupa tó ń fẹ́ ṣe ọ̀nà sórí sẹ́ńsọ̀. Fún èmi, ìyẹn tó.

Ìyókù ò gùn. Tòkunbọ̀ DSLR, ẹ bèèrè iye fọ́tò tó ti yà. Nikon ní ṣọ́tà D7200 (ohun tó ń ṣí tó ń dé fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan) lè yà tó 150,000, èyí tó ti yà 120,000, ẹ dín owó ẹ̀ gidi. Bátìrì: P950 ń gba iná láti ojú USB, ẹ lè fi sára mọ́tò bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, D7200 àti 80D nílò ṣájà ara ògiri, ilé ìtura tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ń kú ní aago mẹ́wàá alẹ́ á fi hàn yín ohun tí mò ń sọ. Tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ rán àpò aṣọ kékeré, ẹ bu ẹ̀wà sí i, ẹ gbé e sórí fèrèsé mọ́tò, kẹ́ ẹ gbé lẹ́ńsì lé e, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí mọ́tò má baà gbọ̀n. Ní ṣẹ́ẹ́kìpọ́ìntì, lórí afárá, nítòsí bárékè, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà nínú àpò, lẹ́ńsì ńlá ló sì ń tètè fa ìbéèrè ọlọ́pàá jù.

Àsìkò tún wà ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí kob (ẹranko bí àgbọ̀nrín) tàbí ẹfọ̀n ní Old Ọ̀yọ́ National Park, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni, tí koríko ti jó tí ẹranko ń wá odò. Inú ẹ̀ẹ̀rùn náà ni ọyẹ́ sábà máa ń bo òkè, ẹ ò ní rí ọ̀nà jíjìn kankan yà. Òkè àti ojú ọ̀run, ẹ̀yìn òjò nínú oṣù kẹwàá ló ń mọ́ jù. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ kàn sí ọ́fíìsì wọn ní ìlú Ọ̀yọ́, ẹ bèèrè bí ọ̀nà àti ààbò ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ní tèmi, láì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni: ẹni tó fẹ́ràn ẹyẹ inú igbó dúdú, tí apá ẹ̀ ṣì lágbára, tó ní sùúrù láti fi tọ́ọ̀ṣì wo lẹ́ńsì mẹ́wàá kó tó mú ọ̀kan, DSLR ni tiẹ̀. Ẹni tí owó ẹ̀ pọ̀ díẹ̀, kó wo Sony RX10 IV, 600mm péré ló dé ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ tóbi ju ti P950 lọ dáadáa, wọ́n sì dì í kí eruku àti ọ̀rinrin má tètè wọ̀ ọ́. Tí ọmọ yín lókè òkun bá fẹ́ ra Canon R10 tuntun pẹ̀lú RF 100-400 fún yín, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, lẹ́ńsì yẹn ò tó kílò kan. Àwa ìyókù tó jẹ́ pé a fẹ́ dúró létí ọ̀nà, ká ya àṣá lórí òpó iná, ká ya àpáta lẹ́yìn ẹ̀, ká sì padà sínú mọ́tò lọ́dọ̀ ìyàwó kí ọbẹ̀ inú kúlà tó tutù, P950 tuntun ni.

Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ ra bátìrì EN-EL20a méjì sí i, ẹyọ kan ò lè gbé yín dálẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ń ya lékèélékèé nínú oòrùn, ẹ fa exposure (bí fọ́tò ṣe máa mọ́lẹ̀ tó) wálẹ̀ sí -0.7, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, funfun ara ẹ̀ á jóná, ẹ ò ní rí ìyẹ́ kankan.