Oúnjẹ àárọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́: alákàrà, màíṣáì, ẹlẹ́wà àbí ọlọ́kà, ọ̀dọ̀ ta ló yẹ kẹ́ ẹ yà sí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, yálà yunifásítì LAUTECH lẹ bá wá, àbí ẹ gbé aláìsàn wá sí ọsibítù Bowen, àbí agùnbánirọ̀ ni yín, àbí ẹ kàn ń ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìlọrin tẹ́ ẹ fẹ́ yà jẹun, ohun kan náà lẹ máa ń bèèrè láàárọ̀: níbo loúnjẹ gidi wà? Ẹni tẹ́ ẹ bá bi á nawọ́ síbi tó súnmọ́ ọn jù, ẹ ó lọ, ẹ ó sanwó, tó bá dùn ọpẹ́ ni, tí ò bá dùn ẹ ó ní oúnjẹ ìlú yìí ò dáa. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tiẹ̀ níbí. Alákàrà tí gbogbo àdúgbò ń yìn, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láago 9, èyí tó tutù tó ti mu òróró yó lẹ máa bá nílẹ̀. Ọlọ́kà tó mọ̀ ọ́n rò jù, tẹ́ ẹ bá lọ láago 7, ewédú ẹ̀ ò tíì kúrò lórí igi, ẹ̀ẹ́ kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì máa wo ojú ara yín ni. Torí náà, bí mo ṣe máa fi wọ́n wéra nìyí: àsìkò ni mo máa kọ́kọ́ wò, kí n tó sọ ti owó, bó ṣe ń pẹ́ nínú tó, àtohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n bù ú.

Ìdájí, aago 6 sí 8: alákàrà àti màíṣáì

Àwọn méjì yìí ló ń jìjàdù oníbàárà ìdájí, wọn ò sì jọra rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ alákàrà. Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó, tí wọ́n gbé lọ sẹ́rọ láìfi bẹ́ẹ̀ bomi sí i, tí ìyá náà wá ń pò ó, tó ń pò ó títí tó fi fúyẹ́, ìyẹn ló ń wú nínú òróró. Ẹ dúró ti agbada yẹn kẹ́ ẹ wò ó. Ṣíbí á wọ inú abọ́, á dà á sínú òróró, ariwo ṣìẹ̀ẹ̀ á gba ibẹ̀, àkàrà á kọ́kọ́ rì díẹ̀, á léfòó, etí ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ìyá á wá fi ṣíbí oníhò yí i lẹ́yìn padà. Tẹ́ ẹ bá ya èyí tó dáa sí méjì, inú ẹ̀ máa funfun, á ní ihò kéékèèké, èéfín á ṣì máa jáde níbẹ̀. Èyí tí wọ́n po ìyẹ̀fun mọ́ kó lè pọ̀ sí i, inú ẹ̀ máa ń ki, tó bá fi lè tutù báyìí, ó ti le nìyẹn. Ẹ tún gbóòórùn ẹ̀ o: ẹ̀wà lílọ̀ ò fara da ooru, tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan, òróró gbígbóná ò sì lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ ló tọ́ sí i. Ẹ̀kọ jíjẹ inú ewé wà, ẹ̀kọ mímu gbígbóná náà wà, ti àgbàdo funfun àti ti ọkà bàbà tí àwọ̀ ẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀. Èmi ti ọkà bàbà ni mo máa ń ní kẹ́ ẹ mu, torí kíkan ẹ̀ bá àkàrà mu dáadáa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní tiwọn, inú búrẹ́dì ni wọ́n ń fi àkàrà sí tí wọ́n á fi máa jẹ ẹ́ lọ sí kíláàsì, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Owó kékeré lẹ máa ná, torí iye ẹyọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ máa rà, tẹ́ ẹ bá sì kí ìyá náà dáadáa pé "Ẹ kú iná o mà, ajé á wọgbá o," á fi èènì sí i. Àléébù ibẹ̀ ni pé kò síbi tẹ́ ẹ máa jókòó sí, ẹ sì máa tò, àwọn ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ á ti ṣíwájú yín.

Màíṣáì yàtọ̀ síyẹn. Ibùjókòó wà, iná èédú wà, kẹ́tùlù ńlá wà lórí ẹ̀, ojú yín ló sì ti máa ṣe gbogbo ẹ̀. Á fọ́ ẹyin níṣojú yín, á gé àlùbọ́sà àti ata sí i, á po tíì, á máa dà á láti inú kọ́ọ̀bù kan sí èkejì láti òkè réré títí tó fi máa yọ fóòmù. Ẹ ní kó fi kànáfùrù àti atalẹ̀ sí i tó bá ní, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ẹ ó rí i bí àyà yín ṣe máa là. Ó tún ní àǹfààní kan tí alákàrà ò ní: ó máa ń wà níbẹ̀ nígbà táwọn yòókù ò tíì jí àti nígbà tí wọ́n ti sùn. Àdúgbò Sábó àti ìtòsí Takie lẹ ti máa rí wọn jù, Under G tó wà nítòsí LAUTECH náà ò gbẹ́yìn torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, ẹ má máa pariwo lé wọn lórí.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣọ́ra níbẹ̀ ni owó. Tíì lówó tiẹ̀, mílíìkì lówó tiẹ̀, búrẹ́dì, ẹyin kọ̀ọ̀kan, Indomie, gbogbo ẹ̀ ló dá dúró, tẹ́ ẹ bá kàn ń sọ pé "fi kún un, fi kún un," iye tó máa pè lẹ́yìn á ya yín lẹ́nu, kò sì rẹ́ yín jẹ o, ẹ̀yin lẹ ò bèèrè. Ẹ bèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbé páànù kaná. Ìkejì, tíì tó dùn tìì pẹ̀lú búrẹ́dì funfun kì í pẹ́ nínú. Ẹni tó jẹ ẹ́ láago 7, ebi á ti máa pa á kí aago 10 tó lù, ẹyin méjì tẹ́ ẹ fi sí i ló máa ń gbà yín díẹ̀. Ẹni tí dókítà bá sì ti kìlọ̀ ṣúgà fún, kó sọ ọ́ kí màíṣáì tó bẹ̀rẹ̀, torí ṣúgà lọwọ́ ẹ̀ ń kọ́kọ́ lọ bá.

Nínú àwọn méjèèjì, tẹ́ ẹ bá ń sáré, tówó ọwọ́ yín ò sì pọ̀, alákàrà ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó, tí ẹ̀ ń dúró de ẹnì kan, tàbí ẹ sùn ní ọsibítù mọ́jú tí ara yín ń fẹ́ nǹkan gbígbóná, ẹ lọ bá màíṣáì.

Aago 7 sí 10: ẹlẹ́wà àti onímọ́ínmọ́ín

Tó bá jẹ́ pé kí ebi má pa yín títí di ọ̀sán lẹ̀ ń wá, tí owó ò sì pọ̀, ẹlẹ́wà ni kẹ́ ẹ lọ bá, mi ò tiẹ̀ ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀wà ń pẹ́ nínú ju búrẹ́dì lọ fíìfíì. Ẹ wò ó bóyá ó rọ̀ dénú, bóyá ata díndín tó fi lé e lórí dín dáadáa tí epo ẹ̀ yọ sókè, kẹ́ ẹ sì jẹ ṣíbí àkọ́kọ́ pẹ̀lẹ́ torí òkúta, àwọn kan ò kì í ṣà á délẹ̀. Búrẹ́dì, dòdò, gààrí, èyí tó bá wù yín lẹ lè fi jẹ ẹ́.

Mọ́ínmọ́ín náà, ẹ̀wà yẹn náà ni, àmọ́ owó ẹ̀ pọ̀ jù ú lọ torí iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀. Ẹlẹ́mìí méje wà lójú àríyá, ti etí títì kì í sábà ju ẹlẹ́mìí kan lọ, ẹja díẹ̀ tàbí ẹyin díẹ̀. Ẹ ra ti inú ewé. Èyí tí wọ́n sè nínú ọ̀rá, mi ò fẹ́ ẹ, òórùn ewé yẹn ò sí nínú ẹ̀, ọ̀rá tó ń hó lórí iná pẹ̀lú oúnjẹ ò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mọ́ínmọ́ín gbígbóná àti ẹ̀kọ tútù, ẹni tó bá ní inú òun ò gba ata púpọ̀ láàárọ̀, ohun tí mo máa ń sọ fún un nìyẹn.

Ìyálẹ̀ta, aago 10 sókè: ọlọ́kà

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ṣebí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì wá, Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Ẹni tó bá ní àmàlà kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Àwọn tí wọ́n fẹ́ fi oúnjẹ kan ṣoṣo jẹ àárọ̀ àtọ̀sán pọ̀, kí owó lè tó wọn ná, ọ̀dọ̀ ọlọ́kà ni kí wọ́n lọ.

Nǹkan méjì ni wọ́n ń tà, ẹ mọ̀ wọ́n yàtọ̀: ọkà èlùbọ́ iṣu tó dúdú, àti láfún tó funfun, tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Láfún sábà máa ń rọrùn díẹ̀ sí i lápò, ó sì dára pẹ̀lú ewédú, àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín lẹ́nu oúnjẹ wa, ẹ jẹ ti èlùbọ́. Tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ ti lè rí ìkòkò. Omi á hó yaya, wọ́n á da èlùbọ́ sí i, ọmọrogùn á wọ ibẹ̀, obìnrin náà á máa fi tẹ kókó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò títí gbogbo ẹ̀ á fi yọ́, á ta omi gbígbóná sí i, á dé e kó jinná dáadáa, á tún un rò. Tó bá fẹ́ bù ú, á ki igbákọ bọ omi, á gé ọkà, á yí i lẹ́ẹ̀kan nínú igbákọ yẹn, á sọ̀ ọ́ sínú abọ́, ó á máa dán gbinrin. Lẹ́yìn ìyẹn á wá bi yín: "Àbùlà ni àbí ewédú nìkan?" Ẹ ní àbùlà. Gbẹ̀gìrì lọ́tùn-ún, ewédú lósì, ọbẹ̀ ata láàárín, òróró pupa á máa ṣàn gba inú ìyẹ̀lò gbẹ̀gìrì yẹn kọjá.

Gbẹ̀gìrì lẹ máa fi mọ ọlọ́kà tó ṣeé fọkàn tán. Ẹ̀wà ni, ẹ̀wà sì ń tètè bàjẹ́. Ti òní máa ń jọ̀lọ̀, òórùn ẹ̀ máa ń tutù, àmọ́ èyí tí wọ́n tún gbé kaná láti àná máa ń yọ ìfófòó wẹ́wẹ́ létí, ó sì máa ń kan díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun. Ẹ má tijú, ẹ bèèrè: "Ìyá, ṣé gbẹ̀gìrì òní ni?" Ìyá tó bá sè é láàárọ̀ yẹn, inú ẹ̀ á dùn láti dáhùn. Ewédú náà, tó bá ti pẹ́ lórí iná, fífà ẹ̀ á jábọ̀, á wá di omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ lọ ní nǹkan bí aago 10 sí 11, ìkòkò àkọ́kọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn, èrò ọ̀sán ò sì tíì ya lù ú.

Owó ńkọ́? Ọkà fúnra ẹ̀ ò wọ́n, ẹran ló ń jẹ owó yín. Ẹ pe iye ọkà tẹ́ ẹ fẹ́ lọ́tọ̀, ẹ pe iye ẹran lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì ní kó fi ẹran yẹn hàn yín kó tó bu ọbẹ̀ lé e, torí tí ọbẹ̀ bá ti bò ó tán, ẹ ò ní mọ ìwọ̀n ẹ̀ mọ́. Pọ̀nmọ́ ló máa ń rọrùn jù lówó, ṣàkì, ẹdọ̀ àti ìfun ń tẹ̀ lé e, bọ̀kọ́tọ̀ fún ẹni tí àkókò wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àléébù ọkà ò ju ẹyọ kan lọ: oorun. Ẹni tó níṣẹ́ tó gba ọpọlọ láago 12, kó din tiẹ̀ kù.

Àwọn tó kù

Ilé oúnjẹ ńláńlá tó ní ẹ́à-kọ́n, owó ẹ̀ wọ́n, oúnjẹ àárọ̀ wọn sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n sè kalẹ̀ tí wọ́n ń mú gbóná. Àmọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ lè ṣáàjì fóònù, tẹ́ ẹ bá kó ọmọ kékeré rìn tàbí ẹ fẹ́ bá àlejò pàtàkì sọ̀rọ̀, ẹ lọ síbẹ̀, kò ní wàhálà.

Wàrà náà ńkọ́ o! Àwọn ìyá Fúlàní tó ń gbé e kiri nínú igbá, èyí tí wọ́n fi ewé bọmubọmu mú dì, kò sóhun tó dà bí ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dín in tán tẹ́ ẹ fi kún àkàrà. Ẹ ra ti òní, ẹ lọ fọ̀ ọ́, ẹ tún un sè kẹ́ ẹ tó dín in nílé.

Ẹ mú owó páálí dání. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí ò fẹ́ tíráńsífà láàárọ̀, torí àlẹ́ẹ̀tì lè má tètè wọlé, wọ́n á sì dá yín dúró títí tó fi máa wọlé. Lásìkò òjò, ohun tó bá ń tú èéfín ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì wo omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́: tó bá ti dúdú, ẹ ní kí wọ́n dì í fún yín sínú ewé tàbí ọ̀rá tó mọ́.

Nígbà tí LAUTECH bá wà ní họlidé, Under G máa ń dá wáí, ẹ kúkú gba Takie lọ. Lọ́jọ́ Sunday, ẹ tètè jáde kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbí kẹ́ ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá jáde. Nínú ààwẹ̀ Ramadan, ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé ìdáná wọn sí ìrọ̀lẹ́, alákàrà á máa dín in ní nǹkan bí aago 5 àbọ̀ kí ìṣínu tó dé, màíṣáì á jí ṣe ti sààrì, ẹ̀yin tẹ́ ò gbààwẹ̀ lásìkò yẹn, ẹ ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín yín lálẹ́ pa mọ́ de àárọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé mọ́ínmọ́ín yẹn sínú ìkòkò omi gbígbóná kó gbóná dénú kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́.