Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan l'Ókè-Ìlèwó tí ò fọ́máàtì láptọ́ọ̀pù mi

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ókè-Ìlèwó níbí l'Abẹ́òkúta, torí ohun tí wọ́n ṣe fún mi lọ́sẹ̀ tá a fẹ́ gba họ́lidè, mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Tíṣà ni mí l'Ọ́báńtòkó, iléèwé aládàáni ni, èmi sì ni wọ́n kó rìsọ́ọ̀tì gbogbo ọmọ lé lọ́wọ́ torí wọ́n ní èmi ni mo mọ Excel lò, láti nọ́sìrì títí dé Prámárì 5, ọmọ 187, tọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tẹ́ẹ̀sì lọ́tọ̀, ìdánwò lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ tí tíṣà kọ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan náà lọ́tọ̀. Inú láptọ́ọ̀pù mi nìkan ni gbogbo ẹ̀ wà. Ọjọ́ Jímọ̀ làwọn òbí ń bọ̀ wá gba rìsọ́ọ̀tì, àárọ̀ Mọ́ńdè ni kinní yìí ṣẹlẹ̀.

Bó ṣe lọ rèé. Mo tan láptọ́ọ̀pù láago márùn-ún ìdájí, ó ní update wà nílẹ̀, ti BIOS, ìyẹn ètò tó ń kọ́kọ́ jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé, wà nínú ẹ̀, mo ní kó máa ṣe é lọ, mo lọ wẹ fáwọn ọmọ, mo dáná, nígbà tí mo fi máa padà dé ó ti kú ó ti tan fúnra ẹ̀, ojú ẹ̀ wá di búlúù, wọ́n kọ BitLocker sókè, wọ́n ní kí n tẹ recovery key sínú àpótí gbọọrọ kan báyìí. Mo fẹ́ tẹ pásíwọ́ọ̀dù tí mo fi ń ṣí i lójoojúmọ́, lẹ́tà ò tiẹ̀ wọlé, nọ́ńbà nìkan ló ń gbà. Mo tẹ ọjọ́ ìbí mi, kò gbà. Mo pa á, mo tún un tan, ibi kan náà ló padà sí. Àṣé nọ́ńbà 48 ló ń bi mí, mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ, nọ́ńbà tí mi ò fojú rí rí láti ọjọ́ tí mo ti ra láptọ́ọ̀pù yẹn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo kàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wò ó.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ò jìnnà sílé wa. Ó wò ó fìrí, kò tó ìṣẹ́jú kan, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú mà, ẹ mú ₦8,000 wá kí n fọ́máàtì ẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán ẹ ó ti máa lò ó." Mo ní àwọn fáìlì mi ńkọ́? Ó ní, "Háà, ìyẹn ti lọ nìyẹn." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn o, bí ẹni pé iyọ̀ ló dà nù. Ó ti na ọwọ́ pé kí n gbé e sílẹ̀, mo bá fa láptọ́ọ̀pù mi padà, mo ní mò ń bọ̀. Mi ò bínú sí i púpọ̀, iṣẹ́ tó mọ̀ ló fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé mo gbà fún un lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ odidi ọdún kan ni ì bá parẹ́ nítorí ₦8,000.

Mátírọ́ọ̀nù iléèwé wa ló júwe ṣọ́ọ̀bù Òkè-Ìlèwó yìí fún mi. Mo wọ Máíkírà láti Ọbáńtòkó dé Kútọ̀, mo gun ọ̀kadà lọ síwájú. Kò rọrùn láti rí, wọn ò ní bọ́ọ̀dù kankan níta, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ike kọjá. Obìnrin ló ni ín. Mo sọ ìyẹn torí pé èmi náà kọ́kọ́ bi í pé ọ̀gá ẹ ńkọ́, ó ní, "Èmi náà ni mà, ẹ jókòó." Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, kò mú un sọ́kàn.

Ohun tó mú kí n máa kọ gbogbo èyí ni ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí. Kò bi mí pé èló ni mo ní lọ́wọ́. Kò fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù gan-an. Ó ní, "Mà, kí ló wà nínú ẹ̀ tẹ́ ò fẹ́ kó sọnù?" Mo sọ fún un. Ó wá ní, "Ta ló kọ́kọ́ bá yín ṣètò kọ̀ǹpútà yìí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, íméèlì ta ló fi sí i?"

Ó jókòó tì mí ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ náà dúró ó ń gbọ́. Ó ní BitLocker yẹn kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe pé kọ̀ǹpútà mi bàjẹ́. Ó ní gbogbo ohun tó wà nínú hard disk ni wọ́n ti kó sí àtìpa, wọ́n wá fa kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lé adènà kan lọ́wọ́, adènà yẹn ni chip kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM, wọ́n ní kó máa ṣílẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà tí ojú ilé bá ṣì rí bó ṣe máa ń rí. Update BIOS wá dé, ó kun ojú ilé lọ́dà tuntun, adènà ò dá ilé mọ̀ mọ́, ó ní àfi kí onílé fúnra ẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ kejì wá. Kọ́kọ́rọ́ kejì ni nọ́ńbà 48 yẹn. Ó ní wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí olè tó bá jí láptọ́ọ̀pù má baà rí nǹkan kan nínú ẹ̀, kódà tó bá yọ hard disk lọ sínú kọ̀ǹpútà míì, kò ní rí nǹkan kan kà. Mo ní mi ò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ àtìpa kankan o. Ó ní ọ̀pọ̀ Windows 11 máa ń tì í fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti fi íméèlì wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á sì fi kọ́kọ́rọ́ kejì pa mọ́ sínú account Microsoft tí wọ́n fi íméèlì yẹn ṣí. Ìdí tó fi bi mí pé íméèlì ta ni nìyẹn.

Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wálẹ̀ díẹ̀, ó tún já padà, torí mo rántí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bá mi ṣètò láptọ́ọ̀pù yẹn, íméèlì ara ẹ̀ ló sì lò, mo rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ nígbà yẹn. Ó sì ti lọ sìnrú ìlú n'Ílọrin. Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè é, kò gbé e. Ẹnjiníà, ìyẹn obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, ní ká fún un ní wákàtí kan, ó ní kí n lọ jẹun, mi ò lè jẹun. Ìgbà tó yá ló pè mí padà, "Àǹtí mi, ẹ má bínú, mo wà nínú kíláàsì ni." Mo ní kó máa gbọ́ o, mo gbé fóònù fún ẹnjiníà.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé ẹni yẹn mọṣẹ́ ẹ̀. Ọmọ yẹn wọ account ẹ̀ lórí fóònù, ó ní key méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti kọ̀ǹpútà tòun fúnra ẹ̀. Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí tó wà lókè. Ẹnjiníà ní dúró, ó yí láptọ́ọ̀pù mi sọ́dọ̀ ẹ̀, ó fi ìka sí ìlà kékeré kan nísàlẹ̀ tí mi ò tiẹ̀ kíyè sí láti àárọ̀, wọ́n kọ Key ID síbẹ̀, ó ka mẹ́jọ àkọ́kọ́ fún un, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà, ó ní, "Èwo ló bẹ̀rẹ̀ báyìí nínú méjèèjì?" Ọmọ yẹn ní ìkejì ni. Ó ní kó má kà á lórí fóònù, kó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Fọ́tò wọlé. Ọmọ iṣẹ́ ń kà á mẹ́fà-mẹ́fà, ẹnjiníà ń tẹ̀ ẹ́, tó bá tẹ mẹ́fà tán á tún un kà sókè padà kó tó máa lọ. Èmi dúró lẹ́yìn wọn, mò ń gbàdúrà. Ó tẹ Enter, ojú ẹ̀ ṣókùnkùn, ó ń yí, ó ń yí, àwòrán àwọn ọmọ mi tí mo fi sójú ẹ̀ bá yọ síta. Mo pariwo "Olúwa ṣeun" débi pé àwọn tó ń ta ike nísàlẹ̀ béèrè pé kí ló dé.

Kò tíì gbé e fún mi o. Ó ní kí n fi fólídà rìsọ́ọ̀tì hàn òun, ó dà á kọ sórí fláàṣì mi, ó ní kí n ṣí i lójú òun kí n rí i pé ó ń ṣí, ó tún dà á kọ sí Google Drive mi. Ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Lẹ́yìn náà ló bá mi ṣe íméèlì tèmi, ó fi rọ́pò ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó tẹ recovery key jáde lórí pépà méjì, ó ní ọ̀kan nínú Bíbélì yín tàbí ibi tẹ́ ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ sí, ọ̀kan lọ́wọ́ ọkọ yín, ẹ má tọ́jú ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan náà torí ìyẹn dà bí kéèyàn ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú yàrá.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi pa update pátápátá, kó má wáyé mọ́ láéláé. Ó kọ̀ jálẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ìdí ẹ̀. Ó ní ní 2017, oṣù Kẹta ni Microsoft ti gbé update kan jáde tó dí ihò kan nínú Windows, nígbà tó di oṣù Karùn-ún kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn wọlé sára àwọn kọ̀ǹpútà tí wọn ò tíì ṣe update náà, ó ti gbogbo fáìlì wọn pa, ó ń béèrè $300 lọ́wọ́ wọn, àwọn ọsibítù ìjọba ní ìlú Ọba ń dá aláìsàn padà sílé. Ó ní tó bá jẹ́ kòkòrò ló ti fáìlì yín pa, kò sí ọmọ ẹ̀gbọ́n kankan tẹ́ ẹ máa pè n'Ílọrin. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bàbá kan tó jókòó sórí bẹ́ńṣì náà ń gbọ́, kọ̀ǹpútà tiẹ̀ ti pẹ́, Windows 10 ló wà níbẹ̀, ẹnjiníà sọ fún òun náà pé látọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n ti dáwọ́ ìtọ́jú ẹ̀ dúró, wọ́n jọ ń sọ ìyẹn lọ.

Ohun tó bá mi ṣe ni pé ó lọ sí Settings, ó ṣètò Active hours kí kọ̀ǹpútà má máa kú fúnra ẹ̀ kó tan láàárín àkókò tí mo ń ṣiṣẹ́, ó tún fi hotspot fóònù mi sí metered kí update ńlá má baà jẹ dátà mi tán. Ó fi ibi tí wọ́n ti ń dá update dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ hàn mí, ó ní tí ọ̀sẹ̀ rìsọ́ọ̀tì bá ti ń bọ̀ kí n dá a dúró, tá a bá gba họ́lidè tán kí n jẹ́ kó ṣe é. Ti BIOS, ó ní kí n má fi bátìrì lásán ṣe é láéláé, ṣájà gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀, torí tí iná bá kú mọ́ ọn lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn gan-an ni ìbàjẹ́.

Owó tó gbà jẹ́ ₦15,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni àkọ́kọ́, mo sì san án tọkàntọkàn.

Àwọn nǹkan tí ò tẹ́ mi lọ́rùn náà wà. Kò sọ iye tó máa gbà fún mi títí iṣẹ́ fi parí, mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i ná," ó yẹ kó ti dá iye kan, torí èèyàn lè máà gbé tó bẹ́ẹ̀ dání. Wọn ò ní rìsíìtì, ẹ̀yìn ìwé kan ló kọ ọ́ sí, mo sì fẹ́ mú rìsíìtì gidi fún iléèwé kí wọ́n dá owó mi padà. Bẹ́ńṣì kan ṣoṣo ló wà, bí èèyàn mẹ́rin bá ti wà níbẹ̀ ẹni karùn-ún á dúró lórí àtẹ̀gùn. Jẹnẹrétọ̀ wọn wà ní kọ́rídọ̀ níbẹ̀ gan-an, èéfín ẹ̀ ń wọlé, èmi tí mo ní ikọ́ tẹ́lẹ̀, ojú ń ta mí fún wákàtí mẹ́rin tí mo lò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì pe nọ́ńbà wọn wọn kì í tètè gbé e, ó dáa kẹ́ ẹ kúkú lọ síbẹ̀. Èéfín yẹn ló ń dùn mí jù torí ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fà á símú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mo sọ fún un, ó lóun ń tu owó sólà jọ.

Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni kóun gbé kọ̀ǹpútà lọ l'Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni màá júwe. Ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti gbé kọ̀ǹpútà dé, fọ́máàtì ló ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti bi mí pé kí ni mi ò fẹ́ kó sọnù.

Alẹ́ Wẹ́sìdeè ni mo tẹ rìsọ́ọ̀tì 187 tán, Jímọ̀ làwọn òbí gbà á. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú ṣájà yín dání torí tiwọn kì í bá gbogbo láptọ́ọ̀pù mu, ẹ mú fláàṣì, ẹ sì ti pe ẹni tó bá yín ṣètò kọ̀ǹpútà yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Wọ́n máa ń ṣí láago mẹ́sàn-án, ọjọ́ Sátidé wọ́n ń tì láago méjì.