Bainókúlà ni àbí kámẹ́rà? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ máa wo ẹyẹ ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé, "Èwo ni kí n rà?" Èmi náà á bi wọ́n padà pé, "Níbo lẹ ti fẹ́ máa wo ẹyẹ?" Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa létí odò Àsá, níbi tí oòrùn ti ń ràn gbalasa, lè máà wúlò nínú igbó tó yí òṣọ́ọ̀rọ̀ omi Òwu ká, níbi tí ewé ti ṣíji bo ilẹ̀. Bí ẹ ṣe ń ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí, ibi tí ẹ máa gbé ọjà náà lọ ni kí ẹ fọkàn sí.

Bainókúlà, ìyẹn awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, kì í ya àwòrán, síbẹ̀ òun ni mo máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì mọ ẹyẹ wá nínú ewé, kámẹ́rà kò ní bá a wá a. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára rẹ̀, bíi 8x42 tàbí 10x42. Ti àkọ́kọ́ ni iye ìlọ́po tó fi ń fa ẹyẹ súnmọ́ wa. Èkejì ni bí gíláàsì iwájú ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré mú 10 torí pé ó ju 8 lọ. Mo ti lo méjèèjì. 10 dára ní dáàmù Àsá, níbi tí pẹ́pẹ́yẹ igbó ti ń léfòó lọ́ọ̀ọ́kán tí kò sí igi kankan láàárín. Àmọ́ bó ṣe ń sọ ẹyẹ di ńlá ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ náà di ńlá, ibi tó ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà sì kéré. Ẹ tún wo ti ìmọ́lẹ̀: bí ẹ bá fi 8 pín 42, ẹ ó rí 5.25, bí ẹ bá fi 10 pín in, 4.2. Bí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ẹyinjú yín ṣe fẹ̀ tó nìyẹn, ní mìlímítà. Lójú ọ̀sán gangan, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ní ìdájí, tàbí lábẹ́ igi ní ìhà Òmù-Àrán àti Ìfẹ́lódùn, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń lọ sí gúúsù Kwara, 8x42 ni kó rà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta àwọn kékeré tó ń ṣẹ́po, tí wọ́n kọ 30x60 sí lára, fún yín. Ẹ fi rúlà wọn gíláàsì iwájú rẹ̀ níṣojú ẹni tó ń tà á. Mìlímítà 60 tí wọ́n kọ síbẹ̀, kò ní tó o.

Fún ẹni tó fẹ́ àwòrán, kámẹ́rà onísúùmù ló kàn, èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ kì í yọ. Nikon P900 tó jáde ní 2015 ni mò ń lò. Súùmù rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 83, ó ń dé 2000mm (bí nọ́ńbà mm lẹ́ńsì bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń fa ẹyẹ súnmọ́ tó), kò sì wúwo tó kílò kan. P1000 tó jáde ní 2018 ń dé 3000mm, àmọ́ ìwúwo rẹ̀ jẹ́ kílò 1.4, ọrùn yín á sì sọ fún yín kó tó di ọ̀sán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró sí òdìkejì odò Àsá, ẹ̀gà kan ń kọ́lé lórí ọ̀pẹ. Ó fi ẹnu gé etí ewé ọ̀pẹ, ó fò, ewé náà sì ya tẹ̀ lé e tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Ó wé e mọ́ orí ìmọ̀, ó gba abẹ́ fà á jáde, ó fà á le. Ẹyinjú rẹ̀ pupa rokoṣo nínú àwòrán náà, ẹyẹ náà kò sì mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ rárá. Kò sí kámẹ́rà míì tó lè fún mi ní irú rẹ̀ ní iye owó tí mo san.

Àmọ́ ẹ rántí ohun tí àwọn baba wa máa ń wí: agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Ẹfun àti aró yìí ni ìdánwò kámẹ́rà. Lékeléke nínú oòrùn Ìlọrin, ẹ ní láti dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ á kàn funfun báláú ni. P900 ń ṣe ìyẹn láìsí wàhálà. Agbe lábẹ́ òjìji igi ni ó kọjá agbára rẹ̀. Ojú tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kéré jọjọ. Ti kámẹ́rà Canon tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń yọ fẹ̀ jù ú lọ ní bí ìlọ́po 12. Aró náà di dúdú, àwòrán á sì rí hóró-hóró bí ẹni pé wọ́n da gàrí sí i. Bí ẹyẹ bá sì fò, ó máa ń pẹ́ kó tó rí i mú.

Kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń yọ ló lè ṣe iṣẹ́ igbó yẹn, òun náà ló sì lè mú àṣá tó ń rà bàbà lókè ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ìṣòro rẹ̀ ni lẹ́ńsì. Canon pẹ̀lú lẹ́ńsì 55-250mm kò wọ́n púpọ̀, àmọ́ bó bá fà á dé òpin, bíi 400mm péré ló máa fà á súnmọ́ tó, ìyẹn kò sì tó fún ẹyẹ kékeré tó jìnnà. Lẹ́ńsì Sigma 150-600mm, èyí tí wọ́n ń pè ní Contemporary, tó, àmọ́ lẹ́ńsì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ya ìgbéyàwó, tẹ́ ẹ ti ní kámẹ́rà nílé, ẹ̀yin ni mo ní kí ẹ ra lẹ́ńsì ẹyẹ. Ìdajì owó ti kúrò nílẹ̀. Ẹlòmíràn, ẹ ní sùúrù ná. Ẹ tún ro ti iná: P900 ń gba iná láti ara páwà báǹkì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kámẹ́rà oní-lẹ́ńsì-yíyọ àtijọ́ ní ṣájà tiwọn tó ń dúró de NẸ́PÀ.

Lẹ́ńsì gígùn máa ń fa ojú. Bárékè ṣọ́jà wà ní Sóbì, nítorí náà ẹ má na ohunkóhun sókè níbẹ̀ láìgbàṣẹ, ì báà jẹ́ bainókúlà. Ní gúúsù Kwara, àwọn ajínigbé ti da àwọn abúlé kan láàmú. Ẹ kọ́kọ́ kí baálẹ̀, kí ẹ sì bá ọmọ ìlú wọgbó.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa rà. Bainókúlà tí mo kọ́kọ́ rà, orí ló fi ń fọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojú méjèèjì kò wo ibì kan náà mọ́. Ó ti jábọ́ rí. Ẹ gbé e jáde síta, ẹ wo òpó tẹlifóònù kan lókèèrè fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí òpó náà bá di méjì, ẹ dá a padà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì kámẹ́rà, bí ẹ bá rí ohun funfun tó ń ta gbòǹgbò bíi ti búrẹ́dì tó ti bu, ẹ má rà á. Ọlọ́jà tí kò bá jẹ́ kí ẹ gbé e jáde síta wò, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.