Ìwé Àkọsílẹ̀ Tọkọtaya: Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́ta

Ó ti di oṣù mẹ́ta tí èmi àti ìyàwó mi ti ń lo ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ṣe fún tọkọtaya, tí ojú ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, apá kan fún ọkọ, apá kejì fún aya. Kí oníkálùkù kọ ohun kan ṣoṣo tí ẹnì kejì ṣe lọ́jọ́ náà tí ó dùn mọ́ ọn nínú ni gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀, kí ó sì ṣẹ́ ewé bo ohun tí ó kọ títí di òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí a óò jọ ṣí i kà.

Kí n má parọ́, àbùkù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ọdún 11 ni a ti wà pa pọ̀, a kì í jà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé bí owó bá pọ̀ sí i ni ọkàn wa yóò tó balẹ̀. Ní ọdún 1978, Philip Brickman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn 22 tí wọ́n jẹ owó ńlá nínú tẹ́tẹ́ lẹ́nu wò. Inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ju ti àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ, adùn tí wọ́n sì ń rí nínú nǹkan kéékèèké ojoojúmọ́ tilẹ̀ kéré sí ti àwọn yẹn. Ohun tí ó bá ti mọ́ni lára, ojú kì í rí i mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ìwé yìí ti wúlò. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, mo ka apá ìyàwó mi, mo bá a níbẹ̀ pé: "Ó dìde lóru, ó pa fèrèsé dé kí òtútù má baà mú mi. Ó rò pé mo ti sùn." N kò tilẹ̀ rántí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, mo kọ ọ́ pé ó tẹ́tí sí mi dáadáa nígbà tí mo ń ròyìn ohun tí ojú mi rí níbi iṣẹ́. Ó wo ìlà náà pẹ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín: ó ní oorun ni òun ń bá jà lọ́jọ́ náà.

Àbùkù rẹ̀ tí ó burú jù ni ewé ìparí oṣù, níbi tí wọ́n ti ní kí a fún ara wa ní máàkì lórí 10. Mo fún un ní 8, ó fún mi ní 6, ọjọ́ méjì ni a sì fi ń kí ara wa bí ẹni ń kí àlejò. John Gottman, tí ó ti ṣe ìwádìí pẹ́ lórí tọkọtaya, sọ pé nínú ìgbéyàwó tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìṣe rere máa ń tó márùn-ún sí ìṣe búburú kan, kódà nígbà tí èdè-àìyedè bá wà. Ṣùgbọ́n olùwádìí ni ó ń kà á, kì í ṣe tọkọtaya náà.

Kíkọ ọ́ lójoojúmọ́ tún máa ń súni. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìwádìí tí Robert Emmons àti Michael McCullough, àwọn onímọ̀ méjì nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, gbé jáde ní 2003, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń kọ ohun ọpẹ́ wọn, fún ọ̀sẹ̀ 10, ó sì mú kí ayé wọn tẹ́ wọn lọ́rùn ju ti àwọn tí ń kọ wàhálà sílẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni àwa ń kọ tiwa báyìí.

N kò ní gba ilé tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹnì kan nímọ̀ràn láti rà á. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò, kì í ṣe ìwé tí wọn yóò fi pa á lẹ́nu mọ́.

Tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. A ti ra òmíràn, a sì ti fa àwọn ewé máàkì inú rẹ̀ ya kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.